Bessie Coleman àti Mae Jemison: ọ̀nà ta ló le jù?

Chicago ni àwọn méjèèjì ti gbé rí, òkè ni wọ́n sì jọ kọjú sí: awakọ̀ bàálù ni Bessie, arìnrìn-àjò gbalasa òfurufú ni Mae. Mae Jemison ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfurufú, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 1992, nínú ọkọ̀ Endeavour. Dókítà ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ rí ní Làìbéríà àti ilẹ̀ Sàró. Nígbà tí NASA, àjọ ìrìn àjò gbalasa òfurufú ti Amẹ́ríkà, gbà á ní 1987, ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀: Sally Ride, obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀, àti Guion Bluford, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àkọ́kọ́, ti lọ ṣáájú rẹ̀ ní 1983.

Ta ló wá ṣílẹ̀kùn fún Bessie? Èékánná ló ń tún ṣe fún àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ bàálù ní Amẹ́ríkà ò gbà á, torí pé obìnrin ni, ó sì tún dúdú. Robert Abbott tó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender ló gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ sí Faransé. Ó kọ́kọ́ kọ́ èdè wọn (ẹ gbọ́ ná, èdè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀!), ó wọkọ̀ ojú omi, ó sì gba ìwé àṣẹ awakọ̀ bàálù ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà 1921. Ní 1926, inú bàálù ló ti já bọ́ tó fi kú, lẹ́ni ọdún 34.

Ní tèmi, ti Bessie le jù. Jemison náà mọ̀ ọ́n: àwòrán Bessie wà nínú ohun tó gbé lọ sókè.