Micra tòkunbọ̀ tàbí Corolla tí wọ́n ti lò nílé?

Owó tó lè ra ọ̀kan lè ra èkejì, ìyẹn ni ìbéèrè yìí kì í fi í tán nílẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́.

Ní ti epo, Micra ló gbẹ̀yẹ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ lítà 1.0 sí 1.4, Corolla 2003 sí 2007 tó ti Amẹ́ríkà wá, 1.8 ni. Ẹni tó ń lọ láti Tákíé sí LAUTECH lójoojúmọ́ á rí ìyàtọ̀ náà lápò. Àmọ́ tó bá di ọ̀nà Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin, tẹrù-tèrò, Corolla ló ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àpò èlùbọ́ kan péré, búùtù Micra ti kún. Páàtì àwọn méjèèjì pọ̀ lọ́jà.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ la ojú ni ewu tó wà níbẹ̀. Ẹ wo Corolla náà láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ sítáàtì rẹ̀: tó bá ń tú èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ wo ọ̀dà ara rẹ̀ náà, bóyá ó ti forí sọ nǹkan rí. Ó kéré tán, ẹ lè béèrè mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe. Ta lẹ fẹ́ bi ní ti tòkunbọ̀? Wọ́n lè ti yí máìlì rẹ̀ padà, ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù sì lè jẹ́ ayédèrú.

Ẹni tí kì í kúrò nígboro, kó mú Micra. Oníṣòwò tàbí ọlọ́mọ mẹ́rin, Corolla, ṣùgbọ́n kó ṣẹ́ owó táyà àti ṣọ́ọ̀kì kù.