Ìtọ́jú lẹ́yìn abẹ ìdínsanra: sísítà wọn dára, ọ́fíìsì wọn ni kò dára

Mi ò ní pẹ́ lórí iṣẹ́-abẹ náà fúnra rẹ̀. Èkó ni mo ti ṣe é, sleeve ni, wọ́n gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù mi kúrò, ojú abẹ sì jiná. Ìtọ́jú ọdún kan tí wọ́n ní ó wà nínú owó tí mo san ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti ohun tí ojú mi rí ní ilé-ìwòsàn tí wọ́n ní kí n máa lọ níhìn-ín ní Iléṣà, torí pé wọ́n ní àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Èébì ló dá a sílẹ̀. Nínú oṣù kejì, ohunkóhun tí mo bá gbé mì ló ń padà wá, títí kan omi. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi wá ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń gùn ún, mo ní kí ọkọ mi gbé mi lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó síbi káńtà wo ìwé rẹ̀, ó tún un wò. "Ẹ má bínú mà, orúkọ yín ò sí níbí. Ẹ máa ra káàdì tuntun." Mo fi rìsíìtì Èkó hàn án lórí fóònù. Ó ní àwọn kì í gba ti orí fóònù. Ike ni mo gbé dání tí mo ń bì sí o! Ó rọra fa ìwé rẹ̀ sẹ́yìn kí n má baà bì lé e. Ọkọ mi san owó káàdì.

Ọ̀dọ́ ni dókítà tó rí mi, ó sì níwà. Ó ní omi ti tán lára mi, òótọ́ sì ni. Ó ní kí wọ́n lọ gbé dírìpù ṣúgà wá. Àṣé sísítà tó ń bójú tó wa láti Èkó ti ń pè mí láti àárọ̀ torí pé mi ò dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà gan-an ló tún pè. Ó béèrè èébì, ó béèrè ẹsẹ̀, ó béèrè bóyá mò ń rí nǹkan ní méjì-méjì. Ó wá ní kí n gbé fóònù fún dókítà.

Mo ti tẹ sípíkà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì gbé ṣúgà yẹn kọ́. Ẹni tó ń bì báyìí lẹ́yìn sleeve, fítámì B1 lè ti tán lára wọn. Bí ṣúgà bá ṣáájú, ìwọ̀nba tó kù náà á tán, ó sì lè kan ọpọlọ. Ẹ fún wọn ní abẹ́rẹ́ thiamine, B1 yẹn náà, ná." Dókítà ní ṣé nọ́ọ̀sì ni yóò wá máa kọ́ òun níṣẹ́ ni. Ohùn sísítà ò gòkè rárá. "Rárá o sà, mi ò tó bẹ́ẹ̀. Mò ń bẹ̀ yín ni. Mo ti fi ìlànà wa ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, ẹ bá mi wò ó." Ó wò ó, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó gbà, ó tilẹ̀ dúpẹ́. Wọn ò ní thiamine nílẹ̀. Ọkọ mi sáré lọ rà á lọ́nà Wesley. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n tó gbé dírìpù kọ́, wọ́n fi oògùn èébì tì í. Lọ́jọ́ kejì, omi dúró nínú mi. Ẹsẹ̀ ni kò tètè gbọ́.

Sísítà yìí kan náà ló tún ìwé oúnjẹ wọn ṣe fún mi. Èyí tí ọ́fíìsì fún mi, broccoli àti Greek yogurt ló kún inú rẹ̀. Ta ní ń ta broccoli lọ́jà Àtàkúnmọ́sà? Ó ní kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi ẹja ló kọ́kọ́ fún mi láyè mu, ó kan ògì pẹ̀lú mílíìkì láìsí ṣúgà, lẹ́yìn náà mọ́ínmọ́ín tó rọ̀, ẹja àti ẹyin tí a tẹ̀ mọ́ra. Ó kéré tán, purotéènì gíráàmù 60 lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ẹyin kan kò ju bíi 6 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí mo bá jẹun tán, ó di ìṣẹ́jú 30 kí n tó fẹnu kan omi. Ó ti sọ pé irun mi á máa re láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, pé á padà hù. Ó re lóòótọ́, ẹ̀rù ò bà mí.

Orí iyán nìkan la ti jà. "Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà yìí, ẹ ò ní pa mí. Òkèlè kékeré kan, mọ́mì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ lẹ́nu dáadáa." Iyán, ká máa jẹ ẹ́ lẹ́nu! Ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n ní ta ló bí irú ọmọ yẹn.

Ọ́fíìsì wọn ńkọ́? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ oṣù kẹta, láti mọ bí B12, fítámì D àti àwọn yòókù ṣe rí, wọ́n ní ó wà nínú owó tí mo san, àmọ́ Èkó nìkan ni mo ti lè ṣe é. Mo bi wọ́n pé ṣé ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ṣeé yẹ̀ wò nílé ni. "A máa padà pè yín, mà." Mo ṣì ń retí. Owó káàdì ọjọ́ èébì yẹn, Èkó ní kí n lọ gbà á ní Iléṣà, Iléṣà ní orúkọ mi ò sí nínú ìwé. Ó ti wá ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan tí èmi àti sísítà ń sọ̀rọ̀, ìpè já. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀ mí pé owó orí fóònù òun ló tán. Fóònù ara rẹ̀ ló fi ń pe gbogbo wa! Ìtọ́jú ọdún kan tí wọ́n kọ gàdàgbà sínú ìwé wọn, obìnrin kan àti fóònù rẹ̀ ni. Bó bá lọ ìsinmi ìbímọ ńkọ́, ta ni yóò ní kí dókítà dúró ná?

Máàkì mi: 2 nínú 5, ti sísítà sì ni méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà fẹ́ ṣe tiwọn, wọ́n ní ibo ni kí àwọn lọ. Ibẹ̀ náà ni mo júwe fún wọn.