Rìwáyà tó mọ dáínámò dunjú nítòsí Gáréèjì Ọ̀fà, Ìlọrin

Ẹni tó bá ṣì ń wa ọkọ̀ Ìjàpá nílùú Ìlọrin mọ̀ pé rìwáyà tó lè tún dáínámò, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, ṣe ti ṣọ̀wọ́n, nítorí alternator, èyí tó rọ́pò rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọ́ṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Gáréèjì Ọ̀fà ni mo gbé tèmi lọ, lẹ́yìn tí rìwáyà mìíràn ti tẹ sípíríǹgì régúlétọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń díwọ̀n iná, kí iná lè pọ̀ sí i, tí dáínámò náà sì jóná nínú ooru oṣù Kẹta.

Kí ọ̀gá ibẹ̀ tó dá iye owó rárá, ó tú u palẹ̀ níṣojú mi. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo sì rí i bí lẹ́ẹ̀dì tó so wáyà bàbà mọ́ kọ́mútétọ̀, ibi tí iná ti ń gba ara irin tó ń yí jáde, ṣe yọ́, tó sì ta káàkiri inú ilé irin náà. Ó ní, "Ẹ wò ó, Àlàájì, dáínámò yín kò rọ. Ooru ló pa á."

Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ámpíà (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú wáyà) 30 ni wọ́n ṣe irú dáínámò yìí fún, ooru ló sì fa ààlà náà. Bí iná tó ń gba inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru tó ń mú jáde á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí bàbà bá sì gbóná láti ìwọ̀n 30 dé 100 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, agbára tó fi ń dènà iná á fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ pọ̀ sí i, ooru á sì tún lé sí i. Nínú alternator, ara ilé irin tó dúró sójú kan ni wáyà tó ń gbé iná jáde wà, níbi tí atẹ́gùn ti tètè ń kàn án. Ti dáínámò wà lára irin tó ń yí ní àárín gbùngbùn, ooru rẹ̀ kì í sì í rọ́nà jáde bọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1920 mọ èyí, wọ́n sì fi tẹmosítáàtì sínú dáínámò kan tó máa ń dín iná kù fúnra rẹ̀ bó bá ti gbóná jù.

Mo bẹ ọ̀gá pé kó bá mi fi gílóòbù wáàtì 100 méjì sí iwájú ọkọ̀. Kò gbà. Ó ṣírò rẹ̀ fún mi: àwọn méjèèjì á gba ámpíà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ọjà Ọba, bátìrì ni yóò máa gbé ẹrù náà, nítorí dáínámò kì í fi bẹ́ẹ̀ mú iná jáde bí ẹ́ńjìnì bá ń rọra yí. Bí ọkọ̀ bá wá kọrí sí ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, dáínámò á máa san gbèsè bátìrì, á tún máa tan gílóòbù. Mo fẹ́ràn oníṣẹ́ tó lè kọ owó oníbàárà nítorí pé ó mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Wọ́n wé wáyà tuntun sí i, wọ́n rì í sínú fánìṣì, wọ́n yan án gbẹ, wọ́n pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù tó ń kan kọ́mútétọ̀, wọ́n sì kó èérí tó dí ojú ihò atẹ́gùn kúrò. Mo ti wà á dé Òmù-Àrán lọ́sàn-án gangan, iná pupa dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń kìlọ̀ pé dáínámò kò ṣiṣẹ́ kò tàn.

Iṣẹ́ wọn ń pẹ́, owó rẹ̀ ju ti tòkunbọ̀ lọ, wọn kì í sì í kọ rìsíìtì, èyí tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó kó dáínámò àti régúlétọ̀ dání, nítorí ọ̀gá kì í gba ọ̀kan láìsí èkejì.