Ìgò kan kú, ìgò kan yè: ọjọ́ 31 kí ẹja tó wọ àpótí òkun mi

Fún oṣù kan gbáko, omi, òkúta àti iyanrìn nìkan ló wà nínú àpótí gíláàsì tó wà ní pálọ̀ wa ní Woolwich. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, á ti iléèwé dé, á fi imú kan gíláàsì, á ní, "Mọ́mì, ẹja wa dà?" Màá ní kò tíì yá. Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ni ìgò tó jẹ́ kó yá níkẹyìn: One & Only ti DrTim's Aquatics, ìgò kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja, èyí tí wọ́n ṣe fún omi oníyọ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ torí pé mo rà á láàyè, tí mo sì ń wọn omi lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá tíì ní ohun tí yóò fi yẹ omi wò, kó má tíì ra ìgò kankan.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Àwọ̀n ni bàbá mi fi tọ́ wa. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé mo ti ra iyọ̀, pé mo fẹ́ po òkun sínú ilé, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Òkun tó ń lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Ayétòrò, òun lo fowó ẹ rà wọlé?" Mi ò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, omi ti gbé ilé àti òpópónà púpọ̀ lọ níbẹ̀. Àmọ́ láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òru ní London níbí, àárò òkun kò yé sọ mí, mo sì fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ló kún inú rẹ̀.

Àpótí náà gba 60 lítà. Òkúta gbígbẹ ni mo rà, kílò 7, pẹ̀lú iyanrìn funfun. Òkúta tí wọ́n ti inú òkun gbé wá máa ń kó kòkòrò àìfojúrí tó wúlò wá fúnra rẹ̀, omi á sì tètè tò, ṣùgbọ́n ó tún máa ń kó aiptasia wá, ohun kékeré kan tó jọ òdòdó, tó ń ta iyùn lóró, tí kì í tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo yan èyí tó gbẹ, mo sì gbà láti dúró. Híítà méjì oní 50 watt ni mo fi sí i dípò ẹyọ kan tó tóbi. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ tó bá ń gbóná láìdúró, kò ní lágbára tó láti se ẹja. Omi wà láàárín 25 sí 26 lórí ìwọ̀n Celsius.

Ọ̀rọ̀ omi ló gba owó tí mi ò retí. Omi ẹ̀rọ London le, ẹfun pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ wo ìdí kẹ́túlù yín. Iyùn kò fẹ́ irú ẹ̀. Mo ra ẹ̀rọ RO/DI tó ń sẹ́ omi títí mítà kékeré ara rẹ̀ fi ka òdo. Kó tó fún mi ní lítà kan tó mọ́, á ti da bíi mẹ́ta sí mẹ́rin nù. Mo ń gbe èyí tó ń dà nù náà, òun la fi ń fọ ilẹ̀, tí a fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan iyọ̀: nǹkan bíi gíráàmù 38 sí lítà kan fún irú tí mo rà, nínú ike ńlá, kí páǹpù máa rò ó di ọjọ́ kejì. Ẹ má da iyọ̀ tútù sínú àpótí tí ohun ẹlẹ́mìí bá ti wà nínú ẹ̀. 35 nínú 1,000 ni ìwọ̀n iyọ̀ tí à ń wá. Níbí ni mo ti ṣìṣe. Omi lásán ni mo fi ṣètò refractometer, awò tí wọ́n fi ń wo iyọ̀ inú omi, ó sì ka 35 fún mi, inú mi dùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni mo ra omi ìdánwò tí wọ́n ti po sí 35 gan-an, tí mo kán an sí i. Awò náà ka 33. Ìyẹn ni pé omi tí mo ń pè ní 35, 37 ló jẹ́. Ìgò omi ìdánwò yẹn kò wọ́n rárá. Ẹ rà á pọ̀ mọ́ awò náà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ sì rántí pé bí omi ṣe ń gbẹ lójoojúmọ́, iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi tí kò níyọ̀ la fi ń dí ohun tó gbẹ. Tèmi ń gbẹ tó ìlàjì lítà lójúmọ́ kan.

Kí ni a wá ń dúró dè fún odidi oṣù? Ẹja ń tọ̀, ó ń yàgbẹ́, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù ń jẹrà. Gbogbo rẹ̀ ń di amóníà, amóníà sì ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. Oríṣi kòkòrò àìfojúrí kan ń jẹ amóníà, ó ń sọ ọ́ di nitrite. Oríṣi kejì ń jẹ nitrite, ó ń sọ ọ́ di nitrate, tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ara òkúta àti iyanrìn ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ léfòó nínú omi. Títí wọn yóò fi pọ̀ tó, àpótí náà kò tíì lè gba ẹja. Láyé àtijọ́, ẹja tó lágbára ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jù sínú rẹ̀ kó fi ara gbá a. Èmi tí mò ń tọ́jú ẹni tí mímí ṣòro fún lálaalẹ́, mi ò lè ṣe é. Amóníà inú ìgò, ammonium chloride, ni mo fi bọ́ wọn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n gbà pé kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Nitrobacter ló ń jẹ nitrite. Ní 1998 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Timothy Hovanec àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé, nínú àpótí ẹja tí kò níyọ̀, Nitrospira ló ń ṣiṣẹ́ náà. Òun náà ló dá DrTim's sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n yan ìgò rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ rà.

Irú mìíràn ni mo kọ́kọ́ rà, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé ó dínwó. Inú oṣù kẹjọ ni, oòrùn mú. Nígbà tí mo ṣí páálí, ìgò náà gbóná lọ́wọ́ mi bí ìgò tíì. Ó yẹ kí n dá a padà. Mo dà á sínú omi. Mo fi amóníà sí i títí tí àyẹ̀wò fi ka 2 (mílígíráàmù sí lítà kan), mo ya tábìlì sínú ìwé bí èyí tí à ń kọ ìfúnpá aláìsàn sí, mo sì ń kọ ọ́ ní gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá dé láti ibiṣẹ́. Ọjọ́ 1, ó ka 2. Ọjọ́ 4, ó ka 2. Ọjọ́ 7, ó ka 2. Ní ọjọ́ 11, àwọ̀ ewé kan náà ló ṣì wà nínú túùbù, nitrite kò sì yọjú rárá. Mo gbà pé ohun tó wà nínú ìgò yẹn ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ṣọ́ọ̀bù ẹja kan wà tí bọ́ọ̀sì ń lo ogójì ìṣẹ́jú kó tó dé ibẹ̀. Inú fíríìjì ni wọ́n ti mú One & Only fún mi. Kúlà tí mo fi ń gbé oúnjẹ òru ni mo gbé e sí, mo fi aṣọ ìnura ya yìnyín nípá lára rẹ̀, torí ìgò yìí kò gbọ́dọ̀ dì. Mo gbọ̀n ọ́n dáadáa kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ lè pò, mo dà gbogbo rẹ̀ sínú omi, mo pa iná àpótí kí ewéko omi má baà hù. Ọjọ́ 12 nìyẹn.

Ní ọjọ́ 14, amóníà ti bọ́ sí 1. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, mo pe ọmọ mi kó wá fi ojú ara ẹ̀ wo àwọ̀ náà. Ní ọjọ́ 17, amóníà di òdo, túùbù nitrite sì pọ́n bí ọṣàn àgbálùmọ̀ tó gbó dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì rẹ̀. Mo bọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, 1 péré lọ́tẹ̀ yìí, nitrite wá dé 5, ibi tí káàdì parí sí. Ìlànà DrTim's sọ pé kí amóníà tàbí nitrite má kọjá 5, torí náà mo pààrọ̀ 20 lítà omi, mo sì dẹ́kun oúnjẹ. Ibí yìí ló ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò sí ohun tó yí padà fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ 25 ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ní ọjọ́ 29 ó di òdo.

Ẹ jọ̀ọ́, lákòókò tí nitrite bá pọ̀, ẹ má gba àyẹ̀wò nitrate gbọ́. Nitrite ń wọ inú àwọ̀ rẹ̀, ó ń mú kí nitrate dà bí ẹni pé ó pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ẹ dúró kí àkọ́kọ́ di òdo ná.

Ìdánwò ìkẹyìn ni èyí tí mo fọkàn tán jù. Ní ọjọ́ 30 mo tún fi amóníà sí i títí dé 2. Wákàtí mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà, amóníà òdo, nitrite òdo, nitrate láàárín 10 sí 20. Ìgò tí owó rẹ̀ kò ju ti ẹja kan lọ ṣe iṣẹ́ yìí láàárín ọjọ́ 19, lórí òkúta tó gbẹ kangidi. Mo fún un ní 9 nínú 10, màá tún rà á bí mo bá tún ní àpótí mìíràn. Ohun tí kò lè ṣe ni kó gbà yín lọ́wọ́ ìdúró, tàbí kó dípò àyẹ̀wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eruku rírú bí ilẹ̀pa bo iyanrìn mi funfun. Diatom ni, ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín kan tó ń hù nínú omi, àpótí tuntun kò sábà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò da oògùn kankan sí i. Ìṣáwùrú òkun mẹ́ta jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Clownfish méjì la kó wọlé, àwọn tí wọ́n bí sínú àpótí, kì í ṣe èyí tí wọ́n mú lókun. Akọ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá kéré. Èyí tó bá tóbi jù ló ń di abo. Ọmọ mi ti mọ èyí tí yóò jẹ́ ìyá. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mo fi fídíò pe ìyá mi, mo gbé fóònù sún mọ́ gíláàsì. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Àwọ̀ wọn mà dáa o. Ṣé iyọ̀ ẹ̀ tó?" Mo ní, "Ó tó, Màmá. 35 ni." Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn tún rí i lọ́la.

Iyùn tí ìyàwó ń so mọ́rùn, egungun ohun ẹlẹ́mìí ni, ọmọ mi kò sì gbà mí gbọ́ títí a fi ra ẹyọ kan tó ń mí, Discosoma pupa tó fẹ̀ bí olú. Irú rẹ̀ kò nira fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò ra zoanthid, irú iyùn mìíràn, bó tilẹ̀ rẹwà tó sì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Májèlé palytoxin lè wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá ní in, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dáàbò bo ojú yín, ẹ má sì se òkúta tó bá wà lórí rẹ̀ láéláé, torí ooru rẹ̀ lè gbé odindi ilé dé ọsibítù.

Alkalinity, agbára tí omi fi ń dènà ásíìdì, ni mò ń wọn báyìí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nínú ìwé kan náà. Bó bá dúró láàárín 8 sí 9 lórí ìwọ̀n dKH fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra, a máa ra iyùn kejì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ka 8.4.