Máàsìkì ìmòòkùn: ti PVC ni àbí ti sílíkónì?

Àwa tá a wà l'Abuja, inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì la ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn, ká tó wá wọ bàálù lọ fojú kan òkun ní Zanzibar tàbí Íjíbítì. Ohun tó ń kó wa sí wàhálà gan-an nìyẹn. Máàsìkì tí kò dáa máa ń ṣe bí ọmọlúàbí nínú adágún òtẹ́ẹ̀lì.

Mo ti ra méjèèjì: èyí tí etí rẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ojú jẹ́ PVC (oríṣi ike kan), àti èyí tí tiẹ̀ jẹ́ sílíkónì (oríṣi rọ́bà tó rọ̀). Ti PVC, ₦9,000 ni mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse. Ti sílíkónì tí mò ń lò báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje owó yẹn.

Omi wíwọlé ló fojú mi rí màbo. PVC le, kì í rọ̀ mọ́ ojú. Èmi náà tún fi tèmi sí búùtù mọ́tò fún ọdún kan gbáko nínú oòrùn Abuja yìí. Ìgbà tí mo máa fi dì í sínú àpótí, etí rẹ̀ ti gan bí awọ ìlù. Ní Zanzibar, a ò tíì dé mítà 12 tí omi iyọ̀ fi ń ta mí lójú. Mo tẹ òkè rẹ̀ mọ́ iwájú orí, mo fi imú fẹ́ èémí, omi jáde. Kí n tó ka mẹ́wàá, ó ti tún kún. Mo fa okùn rẹ̀ le, ó burú sí i. Bẹ́ẹ̀, inú sìlíńdà afẹ́fẹ́ tí mo gbé sẹ́yìn ni gbogbo èémí tí mò ń fẹ́ dànù ti ń wá. Ìmòòkùn tó yẹ kó gbà wá ní ìṣẹ́jú 45, ní ìṣẹ́jú 22 ni afinimọ̀nà ti na àtàǹpàkò sókè. (Lábẹ́ omi, kò túmọ̀ sí pé ó dáa o, “ó yá, ẹ gòkè” ni.) Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. Ẹ̀gbọ́n kan láti Kaduna tí wọ́n tìtorí mi gòkè ò dá mi lóhùn títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé e sójú láì fi okùn kọ́rí, ẹ fa èémí díẹ̀ símú, kẹ́ ẹ wá jọ̀wọ́ máàsìkì náà. Tó bá já bọ́, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Sílíkónì olówó ńlá náà lè má bá ojú yín mu. Ẹ tún rẹ́rìn-ín wò, torí ẹ ó rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá rí ìjàpá òkun.

Kurukuru ojú gíláàsì: méjèèjì dọ́gba. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín fọ ọ̀rá ilé iṣẹ́ kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, itọ́ ẹnu yín ti tó.

Okùn: ẹ̀yin tẹ́ ẹ dirun, méjèèjì ló ń fa irun tu. Ẹ ra aṣọ tí wọ́n fi ń bò ó, ẹ má sì jẹ́ kí fọ́nrán irun kankan há sábẹ́ etí máàsìkì.

Tí ẹ ò bá ní kọjá òtẹ́ẹ̀lì Maitama, PVC á ṣe é, mi ò ní bá a jà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń wo owó bàálù, kí lẹ tún ń bi mí sí? Ti ₦9,000 yẹn ṣì wà nílé wa. Ọmọ mi ló máa ń fi bojú tó bá ń gé àlùbọ́sà, ó ní ó ṣì ń ta òun lójú.