Mo lọ Presbyterian n'Ílọrin: ògiri funfun, aṣọ oníná, àti wáìnì tí mo kánjú mu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ni kéèyàn lọ n'Ílọrin tí wọn ò ní fi sípíkà dí i létí, ẹ wá gbọ́ o. Mo ti rí ọ̀kan. Àmọ́ mo máa sọ tọ̀tún tòsì ẹ̀, torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni lọ tán kó wá máa bú mi.

Ọmọ Kérúbù ni mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, tùràrí, àbẹ́là, ìlù, kí ẹ̀mí gbé ìyá kan kó máa pòyì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, odò ni wọ́n ti rì mí bọmi. Ìgbà tí mo kó dé Táńkè ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí èyí tó súnmọ́ ilé, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, sípíkà mẹ́jọ nínú gbọ̀ngán tí kò tó nǹkan, tí mo bá ti ibẹ̀ dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè orí á máa fọ́ mi di ọjọ́ kejì. Ìyá kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, ọmọ Ohafia nílẹ̀ Ìbò ni, àmọ́ ó ti pẹ́ n'Ílọrin débi pé Yorùbá ẹ̀ dùn ju tèmi lọ, òun ló ní Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi lọ sí tiwa lọ́jọ́ kan, tí ìsìn wa ò bá wù yín, abacha, oúnjẹ Ìbò tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tá a máa ń jẹ lẹ́yìn ìsìn á wù yín. Ẹ ò rí i pé oúnjẹ ló mú mi lọ.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ máa bá wọn wí ni pátákó. Lápá àdúgbò Fate ni, ṣùgbọ́n ẹ lè kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ má rí i. Pátákó wọn ò ju ti télọ̀ lọ, ẹ̀ka máńgòrò sì ti bò ó. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gbé wa láti Tipper Garage ní òun ti ń gba ọ̀nà yẹn tipẹ́, òun rò pé ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ló wà níbẹ̀ ni.

Mo bi màmá yẹn nínú kẹ̀kẹ́ pé kí ni Presbyterian gan-an, torí mo ti ń rò ó pé orúkọ òyìnbó kan ni. Ó ní rárá, ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, alàgbà ló túmọ̀ sí. Ìjọ alàgbà nìyẹn. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù, kò sí GO, kò sí ẹni kan tó máa dá dìde pé Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ lóru àná kí gbogbo ìjọ ṣí lọ sílẹ̀ tuntun. Àwọn ọmọ ìjọ ló ń yan alàgbà láàárín ara wọn, alàgbà àti pásítọ̀ á jọ jókòó, session ni wọ́n ń pe ìjókòó yẹn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń jáde, ohùn pásítọ̀ nìkan ò sì tó níbẹ̀. Lókè ìyẹn ni presbytery wà, ìgbìmọ̀ àwọn ìjọ tó wà lágbègbè kan, synod wà lókè ẹ̀, kó tó wá kan General Assembly, ìpàdé gbogbo ìjọ pátá. Scotland ni wọ́n ti gbé e wá, níbi tí John Knox àti àwọn èèyàn ẹ̀ ti yí ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ wọn padà ní 1560, Calabar ló sì kọ́kọ́ balẹ̀ sí lọ́dọ̀ tiwa níbí, 10 April 1846, nígbà tí míṣọ́nnárì Hope Waddell àti àwọn tó bá a wá gúnlẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé Jamaica ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ Ọlọ́run tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Ohafia, Arochukwu, Afikpo, Calabar lẹ máa gbọ́ tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé níbo lẹ ti wá. Àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo kà wá, a ò pé mẹ́wàá, kọ́ọ̀pà mẹ́ta sì wà nínú ẹ̀.

Mo wọlé, ojú mi ń wá nǹkan tó máa wò, kò rí i. Ògiri funfun. Kò sí àwòrán Jésù, kò sí áńgẹ́lì, kò sí àbẹ́là, àgbélébùú igi kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò kàn mọ́. Àga ìwàásù ló wà láàárín gangan, tábìlì igi kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ má sì pè é ní pẹpẹ o, wọ́n á tún un sọ fún yín pé tábìlì ni. Mo mọ̀ pé láti ayé Calvin, pásítọ̀ Geneva tí ẹ̀kọ́ wọn ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá, ni wọ́n ti ń sá fún ère nínú ilé ìsìn nítorí òfin kejì nínú Òfin Mẹ́wàá, tó ní ká má yá ère. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìgbómìnà ni mí! Nígbà tí mo wà ní pámárì wọ́n kó wa lọ sí Ẹ̀sìẹ́, mísíọ́mù tí wọ́n ṣí ní 1945, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn ère òkúta tó lé ní 800 jókòó síbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ṣèpàdé, òmíràn lára wọn ò ní orí mọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí. Àmọ́ láti ìgbà náà, ilé tí kò sí nǹkan tí ọwọ́ èèyàn gbẹ́ nínú ẹ̀ máa ń rí sí mi bí ilé tí wọn ò tíì kó dé. Àwọn Kátólíìkì ti mọ èyí tipẹ́. Bámdélé agbẹ́gilére, ọmọ Àreògún, ará Òsì wa níbí, òun wà lára àwọn tí Father Kevin Carroll kó jọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947 kí wọ́n máa gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára ilẹ̀kùn àti òpó bí àwọn baba wọn ṣe ń gbẹ́ ti ààfin, ọ̀dọ̀ Bámdélé yìí náà sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére tó lókìkí, ti kọ́ṣẹ́. Mo ti ń wí i nínú mi pé àwọn Presbyterian yìí sha ò gbádùn ayé wọn, ìgbà náà ni mo rí aṣọ.

Iwájú àga ìwàásù ni wọ́n fi kọ́. Aṣọ-òkè ni, àwọ̀ ẹtù, wọ́n ti rán fọ́nrán ẹ̀ pọ̀ dáadáa, wọ́n sì fi òwú kọ́ igi kan tó ń jóná sí i. Igbó tí Mósè rí nìyẹn, Ẹ́kísódù orí kẹta, tó ń jó tí kò run. Àmì àwọn Presbyterian ni, Scotland ń lò ó, ibi tí wọ́n tàn dé náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n igi tí mo rí lára aṣọ yẹn kì í ṣe igi Scotland o. Ewé ẹ̀ wẹ́wẹ́, ó tò lọ gbọọrọ lọ́tùn-ún lósì, òdòdó pupa rogodo rogodo sì ń fì níbẹ̀. Mo wò ó, mo tún un wò. Igi irúgbá ni! Igi tí à ń ṣe irú nínú èso ẹ̀! Iná tó wá yọ lára ẹ̀, ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ mú, ó gùn, bí àwọn ọ̀bẹ tí wọ́n máa ń kọ́ sí àyà agbádá olówó ńlá, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní aska. Mi ò gbọ́ ìkéde kan lára èyí tí wọ́n ṣe. Ìkéde ọ̀hún gùn jù náà ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gé e kúrú, tí wọ́n bá ti kà á tán ẹni tó kàn á tún dìde wá tún un ṣàlàyé.

Lẹ́yìn ìsìn ni alàgbà kan sọ fún mi pé áfáà kan lẹ́bàá Ọjà-Ọba ló kọ́ ọ, áfáà tó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sára agbádá tí òun wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ òun. Ó ní nígbà táwọn gbé iṣẹ́ náà tọ̀ ọ́, ẹ̀rù ń ba àwọn pé ó lè ní òun ò ṣe nǹkan ṣọ́ọ̀ṣì, áfáà ní ṣé kì í ṣe ìtàn Ànábì Mùsá nìyẹn ni, òun náà mọ̀ ọ́n, igi wo ni kí òun kọ́? Wọ́n ní igi tó bá wù ú.

Ìsìn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ó létò. Aago mẹ́sàn-án tí wọ́n sọ, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Wọ́n ṣe àdúrà ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ gidi o, ẹ lè gbọ́ fáànù, ẹ lè gbọ́ ẹni tó ń din àkàrà lójúlé kejì. Èmi ò mọ ohun tó yẹ kí n fi ẹnu mi ṣe, mo ti fẹ́ pariwo halelúyà kí n fi dí àlàfo náà, mo mú un mọ́ra. Nígbà tí wọ́n wá kọ Sáàmù 100, mo rí i pé mo mọ ohùn ẹ̀ látilẹ̀, ohùn yẹn náà la fi ń kọ orin ìyìn lẹ́yìn ọrẹ ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá tí mo ti dé, Geneva ló ti jáde ní 1551, ọwọ́ àwọn èèyàn Calvin gan-an. Kò sí ìlù nídìí ẹ̀, kíbọ́ọ̀dù kékeré kan ló ń tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n pín ohùn ẹ̀ sí mẹ́rin, àwọn bàbá tó wà lẹ́yìn ń fi ohùn ìsàlẹ̀ gbé e bí ìgbà tí wọ́n ń ti mọ́tò.

Pásítọ̀ wàásù lórí Mary Slessor, ìyáàfin Scotland tó dé Calabar ní 1876 tó sì gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1915, ó ń sọ bó ṣe ń gba àwọn ìbejì tí wọ́n bá jù sínú igbó sílé, tó ń tọ́ wọn bí ọmọ ẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Táyé ń jẹ bísíkíìtì, Kẹ́hìndé ń sùn. Èmi tó jẹ́ pé ọjọ́ Fúráìdé tó kọjá ni mo se ẹ̀wà ìbejì tí mo pe gbogbo ọmọ àdúgbò! Nígbà tí ìsìn parí, màmá àgbà kan, ọmọ Éfíìkì, wá di àwọn méjèèjì lọ́wọ́ mú. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò wọ́n, ọwọ́ ẹ̀ ò kúrò lára wọn fún ìgbà díẹ̀, ó wá fún wọn ní igba náírà kọ̀ọ̀kan, ó lọ.

Ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni mo sì wá ṣe kòńgẹ́. Alàgbà kan ti kọ́kọ́ wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ti ṣe ìrìbọmi, ṣé ẹ̀ ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ ò ní dìde o, ibi tẹ́ ẹ jókòó sí ni àwọn alàgbà máa gbé tìréè bá yín, búrẹ́dì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ kọ́ọ̀bù kéékèèké tí kò ju ìdérí ìgò oògùn ikọ́ lọ. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló máa nà án sí yín, ẹ̀yin náà á nà án sí ẹni tó kàn. Bó ṣe kàn mí ni mo dà á sọ́fun. Mo gbójú sókè, gbogbo ìjọ di tiwọn mú, wọ́n ń dúró de ara wọn. Ọmọbìnrin kékeré kan níwájú mi yíjú padà, ó wo kọ́ọ̀bù mi, ó wo ojú mi, ó tún wo kọ́ọ̀bù. Mo di òfìfo kọ́ọ̀bù yẹn mú títí pásítọ̀ fi ní ó yá, mo sì gbé e sẹ́nu bíi pé nǹkan ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ti gbọ́ o, ẹ dúró de àwọn yòókù.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni owó. Wọ́n ka ìṣírò owó oṣù tó kọjá síta, iye tó wọlé, iye tó jáde, epo jẹnẹ́rétọ̀, owó iná, ọ̀dà tí wọ́n fi kun ògiri. Màmá kan nawọ́, ó ní ọ̀dà tí ẹ ní ẹ rà yìí, garawa mélòó ni, torí òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kùn ún, mẹ́ta lòun rí. Mo bojú wo pásítọ̀, mo rò pé ojú ẹ̀ á le. Rárá. Akápò tú ìwé, ó ní mẹ́rin ni mà, ẹ̀kẹrin wà ní ṣítọ́ọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n sì lọ! Mo rí wọn tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn. Ní ibi tí mo ti ń bọ̀, ẹni tó bá bi irú ìbéèrè yẹn, wọ́n á gbàdúrà lé e lórí ni.

Abacha dé, ugba, èso igi kan tí àwọn Ìbò máa ń pò mọ́ ọn, wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀, ẹnì kan sì gbé wàrà tí wọ́n dín pupa tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má béèrè iye ìgbà tí mo lọ bù ú.

Àléébù wọn: yàtọ̀ sí pátákó àti ìkéde, kò sí ògbufọ̀ Yorùbá rárá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀, wọ́n ń kọ orin Ìbò àti Éfíìkì sí i láàárín, ó dùn, àmọ́ ìyá mi tó wá láti Òmù-Àrán ò lè bá wọn jókòó níbẹ̀. Ìlọrin lẹ wà, ẹ wá ẹnì kan. Àwọn ọ̀dọ́ náà ò pọ̀. Ó sì máa ń mooru lápá òsì, ẹ tètè dé kẹ́ ẹ lè rí ìjókòó lábẹ́ fáànù. Máàkì mi, 7 nínú 10, tí wọ́n bá gé ẹ̀ka máńgòrò yẹn, 8. Mo ti tún lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo tún wá áfáà yẹn lọ nítorí agbádá ọkọ mi. Ojúde ilé wọn ló jókòó sí, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọmọṣẹ́ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ní mo rí iná tẹ́ ẹ kọ́. Ó ní òun ò tíì rí i níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí. Mo fi fọ́tò hàn án lórí fóònù mi, ó gba fóònù, ó fi ìka fẹ̀ ẹ́ títí igi irúgbá fi kún ojú ẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó wá tọ́ka sí ahọ́n iná kan lápá òsì nísàlẹ̀, ó ní, "Òwú pupa tán lọ́wọ́ mi níbí yìí."