Àwo Cantus Arcticus: ẹyẹ lolórin, ọ́kẹ́sírà lelégbè

Pọ́ùn 2 ni mo ra síídì yìí ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan nítòsí ilé mi ní London. Ike rẹ̀ ti sán, ìwé pẹlẹbẹ tó yẹ kó bá a wá ò sì sí níbẹ̀. Ìyẹn dùn mí, torí mo fẹ́ mọ orúkọ àwọn ẹyẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ àwo fúnra rẹ̀ ò há rárá.

Einojuhani Rautavaara, ọmọ ilẹ̀ Fínlándì, ló kọ orin náà lọ́dún 1972 fún ayẹyẹ ìgboyè dókítà ní Yunifásítì Oulu. Ó ti pẹ́ tí àwọn olórin ti ń sín ẹyẹ jẹ. Nínú Sínfónì Kẹfà Beethoven, tó jáde lọ́dún 1808, fèrè, óbò àti kílárínẹ́ẹ̀tì ló ń ké bí ẹyẹ mẹ́ta níparí apá kejì. Ti Rautavaara yàtọ̀. Ẹyẹ gan-an ló ń ké, wọ́n gba ohùn wọn sórí tépù lábàtà Liminka ní Fínlándì àti nítòsí Arctic Circle, ìlà tó yí ìhà àríwá ayé tó tutù ká.

Fèrè méjì ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń lé ara wọn kiri kí ẹyẹ kankan tó fọhùn. Èmi náà ń fun fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ti gbìyànjú ibẹ̀: ìka mi bá a, èémí mi ò bá a.

Apá kejì ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n mú kí ohùn ẹyẹ kékeré kan, shore lark, máa falẹ̀ lórí tépù títí ó fi lọ sílẹ̀ ní ọ́kítéfù 2. Ẹyẹ tí kò kún ọwọ́ wá ń ké bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

Apá kẹta, níbi tí àwọn ẹyẹ swan ti ń ṣí lọ, ni mo ní ẹjọ́ sí: nígbà tí ọ́kẹ́sírà kún tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹyẹ mọ́lẹ̀. Ẹ má sì fi fóònù gbọ́ ọ o, ohùn wọn á há bí irin. Gbogbo rẹ̀ ò ju bí ìṣẹ́jú 18 lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń dún ní kíṣínì nígbà tí Màmá mi pè mí láti Ìjẹ̀bú-Òde.

“Ẹyẹ wo lo ń sìn nínú ilé yẹn?”

“Orin ni, mà. Ẹ jẹ́ kí n pa á.”

“Má pa á. Gbé fóònù sún mọ́ ọn.”